Ọjọ́ Orí Tí Wọ́n Gbé Lé Orí Ẹlòmíràn

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Òkè-Ìlewó láàárọ̀, tó gbé àpò dúdú kọ́ èjìká òsì, tó ń rìn bí ẹni tó ru igi ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, tí kò sì sí igi kankan lórí rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé Ọ̀ṣunjìmí nìyẹn. Ẹ kí i, á dá yín lóhùn. Ẹ má ṣáà bi í pé iṣẹ́ ńkọ́, nítorí iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Òkè ilé báǹkì kan ni ọ́fíìsì wọn wà, yàrá méjì péré, fáànù kan tó ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn lọ, kọ̀ǹpútà mẹ́ta, àti ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Dókítà Bándélé Fájánà, ẹni pẹ̀lẹ́ tí ojú òun náà máa ń pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò rọrùn láti ṣàlàyé fún èrò ọ̀nà. Ìyá Abọ́sẹ̀dé, tí gbogbo àdúgbò Òwu ń pè ní Ìyá Tòkunbọ̀, ti gbìyànjú rẹ̀ títí ó fi sú u. "Ọmọ mi ń to nọ́ńbà," ló máa ń wí. Bí wọ́n bá ní nọ́ńbà kí ni, á ní, "Nọ́ńbà orí èèyàn." Wọn á sì máa wo ẹsẹ̀ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ náà dún bí ohun tí kò yẹ kí èèyàn tún bèèrè sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Àwọn obìnrin aláró ní Òwu ti ń kùn tipẹ́ pé sódà àti oògùn aró ń wọ àwọn lórí. Ìyá kan gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọwọ́ òmíràn ń gbọ̀n bí ewé. Ni Dókítà Fájánà bá ní kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n mú aláró mẹ́rìndínlógún, wọ́n mú obìnrin àgbẹ̀ mẹ́rìndínlógún láti agboolé kan ní abúlé lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, àwọn tí ọwọ́ wọn kò kan aró rí. Wọ́n kó wọn lọ sídìí ẹ̀rọ ràgàjì tó ń ya àwòrán inú orí. Wọ́n fẹ́ fi ọpọlọ àwọn wọ̀nyí wé ti àwọn wọ̀nyẹn, kí wọ́n wò ó bóyá ibì kan wà tí aró ti jẹ fẹ́lẹ́.

Ìyá Tòkunbọ̀ wà lára àwọn mẹ́rìndínlógún ti Òwu. Òun tilẹ̀ ni olórí wọn. Ọdún kọkànlélógójì rẹ̀ nídìí aró nìyẹn.

Ọjọ́ tí Abọ́sẹ̀dé lọ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni wàhálà ti wọlé, kò sì mọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ṣí ìwé, ó wo ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Àfúsá ni, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń sá aṣọ.

"Àfúsá, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Ta lo fẹ́ kọ́kọ́ kọ?" Ìyá Tòkunbọ̀ gbójú sókè nídìí ìkòkò. "Ṣé Àfúsá tó dé ìdí aró lánàá òde yìí?"

"Màmá, kò sí ohun tó ṣe é. Kọ̀ǹpútà ló máa tò ó."

"Kọ̀ǹpútà yẹn ò ní ìyá ni? Ta ló bí i tí kò kọ́ ọ pé àgbà ló ń ṣíwájú?"

Àwọn ìyá yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àfúsá fi aṣọ tútù bo ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àwọn ìyá sókè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èmi jẹ ẹ̀bà lálẹ́ òní."

Ni Abọ́sẹ̀dé bá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí, ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí aró lókè, Àfúsá nísàlẹ̀ pátápátá, ọjọ́ orí kálukú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó dé abúlé, bákan náà ni. Ìyáálé ló ń ṣíwájú ìyàwó níbẹ̀, àwọn ìyàwó sì ń tò tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe wọ agboolé. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò bá ìyáálé jà nítorí ìlà inú ìwé?

Ọjọ́ tí wọ́n lọ ya àwòrán, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, tó ń bá wọn tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wà nínú lọ́hùn-ún, ó ń fún orí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà bó ṣe ń wọlé. Àwòrán kìíní, àwòrán kejì, títí dé méjìlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tí gbogbo àwòrán pé, iṣẹ́ tó wá kù ni títo nọ́ńbà. Fáìlì méjì ni. Wọ́n ń pe èkíní ní fáìlì ètò. Ìlà méjìlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, orí kan, ìlà kan. Òpó nọ́ńbà mẹ́ta ló sì ní, tó dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀. Aláró gba ení ní òpó kìíní, ó gba òdo ní ìkejì. Àgbẹ̀ gba òdo, ó gba ení. Òpó kẹta ni ti ọjọ́ orí, nítorí ọjọ́ orí náà ń jẹ ọpọlọ, àwọn aláró sì dàgbà ju àwọn obìnrin àgbẹ̀ yẹn lọ. Bí èèyàn kò bá yọ ìpín ọdún sọ́tọ̀, ohun tí ọdún jẹ, aró ni wọn yóò dì í lé lórí.

Fáìlì kejì ni ti ìfiwéra. Ìbéèrè ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni wọ́n fi ń bèèrè. Ení, ení àyọkúrò, òdo: ṣé ọpọlọ aláró ló kún ju ti àgbẹ̀ lọ ni? Èèyàn á yí i padà: àbí ti àgbẹ̀ ló kún jù? Òdo, òdo, ení: ṣé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ọpọlọ ń kún sí i? Yí ìyẹn náà padà: àbí ó ń dínkù?

Ẹ̀rọ kì í bèèrè orúkọ. Ìlà kìíní, àwòrán kìíní. Ìlà kejì, àwòrán kejì. Ohun tí wọ́n bá tò fún un ló ń gbà, bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń ki ẹ̀kọ sí lẹ́nu.

Abọ́sẹ̀dé tò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iná á lọ, á dé, á tún lọ. Ojú ń ta á, ẹ̀yìn ń dùn ún. Bí òdo kan bá ṣì sí ipò ení, ẹ̀rọ á kọ̀, òun náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọjọ́ orí ni ó tò kẹ́yìn. Ó ṣí ìwé orúkọ, ó ń kà á láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú òpó kẹta. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé bí ó bá dijú, nọ́ńbà ló ń rí.

Lẹ́yìn náà ó sọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á dà wọ́n pọ̀, á tún tú wọn ká bí ẹni ń kó ọmọ ayò, ìgbà ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kó tó sọ ohun tó rí. Ọjọ́ kejì, ó sọ ọ́. Àmì pupa kan yọ lápá òsì àti ọ̀tún, níbi tí ọpọlọ aláró ti fẹ́lẹ́ ju ti àgbẹ̀ lọ. Aró ń jẹ wọ́n lóòótọ́. Ohun mìíràn tún yọ: ìbéèrè tó sọ pé bí ọdún ṣe ń pọ̀ ni ọpọlọ ń kún, òun náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

"Ọ̀gá, ẹ wo ti ọjọ́ orí yìí," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

Dókítà Fájánà bọ́ awò ojú, ó nu ojú rẹ̀. "Ìyẹn kọ́ la ń wá. Ti aró la dáwọ́ lé, a sì ti rí i. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin sí èyí la ó kà á fún àwọn obìnrin náà àtàwọn ará ìjọba. Lọ sinmi."

Ohun kan ha á nínú, ṣùgbọ́n àárẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ó lọ sí Òwu, ó sọ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá Tòkunbọ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Bọ́sẹ̀, ṣé o rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ?"

"Mo rí i, Màmá."

Ìyá dìde. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó da ìkòkò aró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú gọ́tà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, omi dúdú bulúù náà ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí lọ, àwọn tó ń ṣàlùwàlá sì fa ẹsẹ̀ sókè. Aláró márùn-ún mìíràn tẹ̀lé e, wọ́n da tiwọn náà nù. Àwọn tó kù ń ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ẹni tó ti ń jí lọ sídìí iná láti ìgbà tó ti bí Tòkunbọ̀ àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé òfìfo ló ń jí lọ dúró sí. Oúnjẹ kò wù ú. Àwọ̀ aró tó ti wọ èékánná rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ọwọ́ rẹ̀ wá funfun bí ọwọ́ aláìsàn. Bí Abọ́sẹ̀dé bá wò ó, ẹrù tí kò sí lórí rẹ̀ yẹn á tún wúwo sí i. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun gba ìyá òun là. Kò dà bíi pé ó gbà á là.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó na ara sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyá ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gbọn ìrọ̀rí, ó ń wo abẹ́ àga.

"Màmá, kí lẹ ń wá?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni."

"Ó wà lọ́rùn yín."

Ìyá fọwọ́ kan ọrùn. Ó jókòó wọ̀ọ̀. "Bọ́sẹ̀, orí yìí ti ń jò."

Abọ́sẹ̀dé wá ọ̀rọ̀ tó lè fi tù ú nínú. Kò rí òmíràn. "Ẹ má dààmú. Ẹ̀rọ wa tiẹ̀ sọ pé bí èèyàn bá ṣe ń dàgbà sí i ni ọpọlọ rẹ̀ ń kún sí i."

Ìyá wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, ó gun òkè wá, ó gbọ̀n ọ́n tìtì. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tó ti da ìkòkò nù.

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni."

"A jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn ò rí àgbàlagbà rí. Láàárọ̀ yìí, orúkọ èèyàn mẹ́ta ni mo pe Àfúsá kí n tó pe tiẹ̀. Màmá Ìdí-Àpè fi iyọ̀ sí tíì. Ọpọlọ tó ń kún rèé!" Ó nu omi ojú, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Bọ́sẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá lè pa irú irọ́ yìí mọ́ ọdún, tí gbogbo ayé mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ló dé tí mo fi gba tiẹ̀ gbọ́ nípa aró?"

Abọ́sẹ̀dé dìde jókòó lórí ẹní. Ohun tó ha á nínú lọ́jọ́sí tún ha á, àárẹ̀ kò sì rí i bò mọ́.

"Màmá. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ, ta ló kọ́kọ́ wọlé?"

"Àfúsá ni. Àbí kí èmi kọ́kọ́ ki orí bọ ihò tí n kò mọ ibi tó já sí? A ní kí àwọn ọmọdé lọ wò ó wá ná. Nígbà tí wọ́n jáde láàyè, àwa náà tẹ̀lé e. Èmi ni mo kẹ́yìn."

"Nínú ìwé, ẹ ní kí n kọ yín ṣíwájú."

"Ìwé kì í gbé èèyàn mì," ni Ìyá Tòkunbọ̀ wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé, Abọ́sẹ̀dé tú dúrọ́ọ̀ títí ó fi rí tákàdá tí olùtọ́jú ẹ̀rọ kọ. Àwòrán kìíní: Àfúsá, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó wo ìlà kìíní nínú fáìlì tirẹ̀: ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ ni. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dé ti abúlé. Níbẹ̀ náà, ìyàwó àfẹ́gbẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ tì wọlé, ìyáálé ló gbẹ̀yìn. Gbogbo ọjọ́ orí ló dojú délẹ̀, ti àgbà lórí ọmọdé, ti ọmọdé lórí àgbà. Ìdí nìyẹn tí ọdún fi dà bí ohun tó ń mú ọpọlọ kún. Ohun tí ọdún sì jẹ lórí àwọn ìyá aláró, ẹ̀rọ kò rí ọdún di ẹ̀bi rẹ̀ rù, ó bá gbé e fún aró.

Ó gbé orí lé tábìlì. Ta ni yóò mọ̀? Wọ́n ti tẹ ìwé jáde. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìpàdé. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, ìjọba á gbà pé aró léwu, á sì máa fún àwọn aláró ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ló burú níbẹ̀? Ó tún rántí ọwọ́ funfun ìyá rẹ̀. Ó dìde, dídìde náà ṣòro bí ẹni tó ru omi.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ojú wo lo mú wá báyìí?" ni Dókítà Fájánà bi í.

"Àṣìṣe ni, sà. Èmi ni mo ṣe é." Ó tẹ́ tákàdá méjèèjì síwájú rẹ̀, ó sì rò ó fún un, ti àgbà inú ìwé àti ti ihò ẹ̀rọ.

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. "Abọ́sẹ̀dé, Ọjọ́bọ̀ ni o."

"Mo mọ̀, sà."

"Ọdún méjì la fi ṣe iṣẹ́ yìí."

"Mo mọ̀, sà."

"Ìwọ sì pe ti ọjọ́ orí yẹn sí mi létí, mo ní kì í ṣe òun la ń wá." Ó fa àga. "Ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tìrẹ nìkan. Máa ka nọ́ńbà, èmi á máa wo orúkọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Abọ́sẹ̀dé ń ka nọ́ńbà àwòrán sókè, ọ̀gá ń dáhùn orúkọ, bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Fáìlì ìfiwéra kò yí padà, ìbéèrè tó dára ni ìbéèrè náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bi ní ń jẹ́rìí lórúkọ ẹlòmíràn.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ìdáhùn dé. Àmì pupa aró kò sí mọ́. Ti ọdún ló kù, ó pọ́n lọ́nà tó yẹ: bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, ọpọlọ ń dínkù, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tó ti wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Kí la wá fẹ́ sọ fún wọn lọ́la?" ni Dókítà Fájánà wí.

"Pé a ò rí nǹkan, sà."

"Pé aró kì í ṣe èèyàn ní nǹkan?"

"Rárá o, sà. Pé àwa ò rí i. Orí méjìlélọ́gbọ̀n kéré."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan. "Wọn á yọ ṣùtì sí wa."

"Wọn á yọ ọ́, sà."

Ó tètè kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó yà sí Láfẹ́nwá, ó ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́ àti ìbòmú, ó sì dé Òwu kí oòrùn tó rọlẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo ibi tí ìkòkò ń gbé tẹ́lẹ̀. Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pamọ́.

Ìyá Tòkunbọ̀ yíjú sí i. "Nítorí pé Àfúsá ṣíwájú mi wọ ihò ni mo fi da aró ọdún mọ́kànlélógójì sí gọ́tà."

"Nítorí pé èmi ò wò ó dáadáa ni, Màmá. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Ó rẹ̀ ọ́." Ó na ọwọ́ funfun náà, ó sì fà á dìde. "Ṣé kí n padà sídìí rẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Ọmọ tí mo fi owó aró rán níléèwé rèé. Ó kàwé kàwé, ó kọ́ bí a ti ń sọ pé mi ò mọ̀." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi fẹ́ ara rẹ̀ lójú. "Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe? Ìka ló ń sọ fún mi bí aró bá ti dé ojú rẹ̀. Bí mo bá fi rọ́bà bo ìka, ta ni yóò sọ fún mi?"

"Ẹ wọ̀ ọ́, Màmá. Mo bẹ̀ yín."

Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn, Ìyá gbà láti fi ìbòmú bo imú, ó sì gbà láti wọ ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ṣe ìpàdé, àwọn èèyàn yọ ṣùtì sí wọn lóòótọ́, ará ìjọba kan tilẹ̀ sùn lọ. Àwọn aláró náà padà sílé, wọ́n ń jiyàn lójú ọ̀nà. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, aró tuntun ti rẹ nínú ìkòkò méjì lẹ́yìnkùlé Ìyá Tòkunbọ̀. Abọ́sẹ̀dé na ara sórí ẹní lójú fèrèsé, ojú ń wúwo. Ó ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń rẹ aṣọ bọlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rọ́bà kan, tó ń fà á jáde pẹ̀lú ọwọ́ lásán kan, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ omi aró wò. Ó rí i pé èékánná ọwọ́ ọ̀tún náà ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó fẹ́ pè é. Ìyá ń kọrin lábẹ́ ìbòmú, kò já geere, ṣùgbọ́n orin ni. Abọ́sẹ̀dé gbé orí lé apá, oorun sì gbé e lọ.